Mo Gbẹ́ Sókàwéè, Mo Bá Kànga

Ohun tó dójú tì mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé tíṣà Jọ́gíráfì ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya omi abẹ́ ilẹ̀ sójú pátákó, tí mò ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣàlàyé bó ṣe ń gòkè lásìkò òjò, tó sì ń lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n, òdo ni mò ń fún un. Àmọ́ nígbà tó kan ilé tèmi ní Okokomaiko, èmi gan-an ni òdo tọ́ sí.

Ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ni ilẹ̀ mi. Ilé ti gbórùlé, sókàwéè ló kù, ihò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ sí. Ọ̀gá bíríkìlà tó kọ́ ilé náà, Ẹ̀gùn ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó fi gìgísẹ̀ tẹ iyanrìn, ó wò ó bó ṣe ń rin, ó ní, "Tíṣà, a kì í gbẹ́ ẹ jìn níbí o. Ẹ jẹ́ ká fẹ̀ ẹ́, ká fi búlọ́ọ̀kù gbé e sókè." Ó wá dá owó lé e. Inú bí mi. Ihò tí kò jìn, owó gọbọi! Mo ní ọ̀lẹ ni, ó fẹ́ lù mí ní jìbìtì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ṣálángá bàbá mi níbẹ̀ jìn débi pé o ò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lójú. Mo sọ fún ọ̀gá pé kó máa lọ, èmi fúnra mi ni n ó ṣe kọngílá.

Mo gba Ìyànà Iba lọ, mo kó àwọn géńdé tó ń gbé ṣọ́bìrì dúró de iṣẹ́ láàárọ̀. Oṣù Kẹfà ni o, òjò ò dá. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń pàṣẹ. Nígbà tí ihò kàn wọ́n ní ìbàdí, iyanrìn ti di ẹrẹ̀. Mo ní òjò àná ni. Nígbà tó kàn wọ́n láyà, omi ti dé orúnkún wọn. Mo ní kí wọ́n fi garawa gbọ́n ọn. Wọ́n gbọ́n ọn, ó sun. Wọ́n tún gbọ́n ọn, ó tún sun. Mo háyà ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ẹ̀rọ ń pọ omi sójú títì, omi ń gba abẹ́ fẹ́ǹsì padà wálé, bẹntiróòlù mi nìkan ló ń lọ tí kò padà. Ibi tí mo ti ń bá ẹ̀rọ jà ni ẹ̀gbẹ́ ihò kan ti ya lulẹ̀, gbìì! Àwọn géńdé fò jáde, wọ́n ní kí n sanwó. N ò jiyàn. Bí iyanrìn yẹn bá bo ẹnì kan mọ́lẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni ǹ bá máa kọ báyìí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyá tó ń gbé òdìkejì wa gbé garawa dé. "Tíṣà, ẹ kú oríire kànga o. Ṣé títà ni àbí ọ̀fẹ́?"

Ọlọ́gbọ́n ì bá dúró níbẹ̀. Èmi to búlọ́ọ̀kù sínú omi, mo po kankéré fúnra mi, mo dé e lórí, mo sì so páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀ ni bàbá ìyàwó mi wá kí wa. Wọ́n wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n da omi sí i. Omi tó yẹ kó máa lọ ń bọ̀, kò sì nìkan bọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni "Ẹ gbà mí o!" Bàbá jáde, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún. Ìyàwó mi ò wo ojú mi. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Tíṣà ló ṣe é fúnra wọn."

Mo ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: "Kànga tí ẹ ń mu dà?" Kànga nìyẹn, kò jìnnà rárá. Ara mi bù máṣọ.

Mo wá ṣí ìwé tó yẹ kí n ti ṣí ṣáájú. Ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń lò káàkiri ayé, ní kí sókàwéè fi mítà 30 jìnnà sí kànga, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi mítà 1.5 ó kéré tán ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì mi, ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú, 60 lóròó. Láti igun dé igun gan-an, kò tó mítà 30! Sókàwéè aládùúgbò mi sì wà lẹ́bàá fẹ́ǹsì. Orí àpáta ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Orí iyanrìn etí ọ̀sà ni Ọ̀jọ́, Iba àti Okokomaiko wà. Ihò tó bá jìn níbí, inú omi mímu ará àdúgbò ló já sí.

Ọ̀gá dí ihò mi, ó mọ tuntun tó fẹ̀ sórí ilẹ̀. Àtẹ̀gùn la fi ń gun ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báyìí. A ò mu omi kànga yẹn mọ́. Owó tí mo san fún ọ̀gá ju iye tó kọ́kọ́ pè lọ, ká má tíì ka ti ẹ̀rọ àti búlọ́ọ̀kù tó rì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lágbègbè wa, kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀, ẹ bi aládùúgbò yín bí omi kànga rẹ̀ ṣe ń ga tó lóṣù Keje, ẹ má bi í ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wọn ibi tí kànga wà, tiyín àti ti ẹlòmíràn. Bí oníṣẹ́ tó mọ ilẹ̀ bá sì ní kí ẹ má gbẹ́ ẹ jìn, ẹ sanwó rẹ̀ fún un. Ìmọ̀ rẹ̀ lẹ ń rà, kì í ṣe ihò.