Ẹ Bá Mi Gba Owó Èébú Mi Pa Dà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́bi. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ṣùgbọ́n Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé láti ọdún 1974 tí àwọn òbí mi ti kó wa wá. Mo ti pé ẹni ọdún 62. Mo ní ọmọ-ọmọ. Orúnkún ọ̀tún mi ló máa ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo wà lára àwọn tó ń ka owó igbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún 14, punk ni orin tèmi. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ti ń jiyàn lórí ẹni tó ju ẹnì kejì lọ láàárín Sunny Ade àti Obey, ńṣe ni mo máa ń wolẹ̀ bí ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ wo irú ọjà tí mò ń rà. Ẹni tó bá náwó fún olórin jùjú, oríkì ni yóò fi gbà á pa dà. Wọn á pe orúkọ bàbá rẹ̀, wọn á pe ti ìyàwó rẹ̀, wọn á ní ọ̀tá ò ní rí i gbé ṣe. Èmi ńkọ́? Ó lé ní ọdún 45 tí mo ti ń kówó fún àwọn òyìnbó tí irun wọn dà bí ìgbálẹ̀, kí wọ́n lè máa jágbe mọ́ mi pé òpònú ni mí, ìjọba mi ò dáa, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ò sì nílàárí. Mi ò ráhùn rí. Èébú náà bá mi lára mu, torí pé ó kúrú, kò fepo bọyọ̀, kò sì wọ́n. Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni wọ́n wá gbà lọ́wọ́ mi, lójú ayé mi.

Àwo àkọ́kọ́ tí àwọn Ramones ti New York ṣe jáde ní April 1976. Orin 14 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ò sì tó ìṣẹ́jú 30. Owó tí wọ́n fi ṣe é ò tó dọ́là 7,000. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìyàwó mi bá mi gbọ́ ọ, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, abẹ́rẹ́ gòkè kúrò lórí àwo, ó wò mí lójú, ó ní, “Ó ti tán? Obey ò bá má tíì kí alága tán.” Òótọ́ ló sọ. Nínú àwo jùjú ìgbà náà, orin kan ṣoṣo lè gba ojú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èèyàn lè jẹun sí i, ó lè tòògbé sí i, kó jí, kó sì tún bá gìtá níbi tó fi í sí. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Kí o tó bomi mu tán ní kíṣìnì, orin mẹ́ta ti kọjá lọ.

Ọdún 1977 ni mo wọ inú ẹ̀, ọdún tí àwo àkọ́kọ́ The Clash àti ti Sex Pistols jáde. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé mi, mo fi abẹ fà á ya láyà, mo wá fi píìnì mẹ́fà so ó pọ̀ bí mo ṣe rí i lára àwọn ọmọ òyìnbó ní King's Road. Mo gbé e kọ́, mo sùn. Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, ìyá mi ti fi máṣíìnì rán ibi tó ya, ó ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà gbẹ, ó sì ti kó píìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú agolo bọ́tìnnì rẹ̀. Bàbá mi ní kí n jókòó. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá àwọn kan ló ń lù mí níléèwé, àbí ṣe ni mo fẹ́ káyé máa sọ pé òun ò lè raṣọ fún ọmọ òun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ọ̀tẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru kó lè ráyè kàwé lọ́sàn-án?

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé aṣọ yíya nìkan ló fà mí lọ síbẹ̀. Nígbà náà, ẹgbẹ́ National Front, tí kò fẹ́ rí adúláwọ̀ sójú, ń gbèrú sí i. Eric Clapton náà ti dúró lórí ìtàgé ní Birmingham lọ́dún 1976, ó ní kí wọ́n lé àwọn àjèjì kúrò nílùú. Ẹni tó jẹ́ pé orin adúláwọ̀ ló sọ ọ́ dolówó! Ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó bí Rock Against Racism. Lọ́jọ́ Ìsinmi, 30 April 1978, mo purọ́ nílé pé ìpàdé ọ̀dọ́ wà lẹ́yìn ìsìn, mo gba Trafalgar Square lọ, a sì fẹsẹ̀ rìn dé Victoria Park, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Steel Pulse kọrin. Poly Styrene ti X-Ray Spex, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Somalia, figbe ta. The Clash náà ṣe tiwọn. Mi ò rí ìtàgé rárá, orí àwọn èèyàn tó ga jù mí lọ nìkan ni mo rí. Ṣùgbọ́n èmi tí àwọn ọmọ ìta ti máa ń lé láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, kò sẹ́ni tó lé mi lọ́jọ́ yẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohunkóhun tí àwọn olórin punk bá sọ ni mo máa ń gbà gbọ́. Wọ́n sì ní kò sí ọ̀la. Lọ́dún 1985, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ gbé fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì wá bá mi, mo rẹ́rìn-ín, mo dá a pa dà fún un. Ta ló ń fowó pamọ́ de ọ̀la tí kò sí? Ó di ọdún 1998 kí ìyàwó mi tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù náà, tó ní kí n ṣáà ti buwọ́ lù ú. Ọdún 13 gbáko. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àwọn tó tàn mí jẹ wá dà? Wọ́n wà níbẹ̀ digbí! The Damned, ẹgbẹ́ punk tó kọ́kọ́ gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní October 1976, tún gbé Darkadelic jáde lọ́dún 2023. Owó ìfẹ̀yìntì tiwọn ni mò ń san báyìí, àwo kan lẹ́yìn òmíràn.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Rancid ti California sọ àwo tiwọn ní Tomorrow Never Comes. Pé ọ̀la kì í dé! Ẹ wolé mi wá, ẹ wá wò ó bí kò bá tíì dé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lórí tábìlì, gíláàsì ìkàwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀la jókòó pẹ̀sẹ̀ sí pálọ̀ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ Rancid. Orin 16, kò sì tó ìṣẹ́jú 30. Àwọn ṣì rántí àdéhùn.

Sum 41 ti Canada ò rántí ní tiwọn. Ní March 2024, wọ́n so àwo méjì pọ̀, Heaven :x: Hell, orin 20, wọ́n ní ó dìgbóṣe. Àlejò ilé wa nìkan ni mo mọ̀ tó máa ń dágbére báyẹn. Á dìde, á kí ìyá ilé, á dé ẹnu ọ̀nà, á di ilẹ̀kùn mú, á wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ bàbá wọn.

Ti Green Day ló wá pabanbarì. Saviors tí wọ́n gbé jáde ní January 2024 ò burú. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, orin méjì nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo rántí. Ṣùgbọ́n Dookie, àwo wọn ti ọdún 1994, pé ọgbọ̀n ọdún lọ́dún náà, ni wọ́n bá ní ó yẹ ká ṣayẹyẹ. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n fi orin kọ̀ọ̀kan sínú nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀kan wà nínú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ọ̀kan nínú aago ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan nínú ẹja oníke tó ń jurù. Bí o bá tiẹ̀ lówó lọ́wọ́ pàápàá, o ò lè kàn rà á. Wàá forúkọ sílẹ̀ ni, kí wọ́n tó ṣẹ́ kèké ẹni tí wọ́n máa tà á fún. Mo forúkọ sílẹ̀ fún búrọ́ọ̀ṣì. (Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.) Kèké ò mú mi.

Bẹ́ẹ̀ orin tí a fi owó táṣẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyí o. Buzzcocks ti Manchester yá pọ́n-ùn 500, wọ́n fi ṣe Spiral Scratch fúnra wọn ní January 1977, àìmọye ọmọ tálákà ló sì tibẹ̀ mọ̀ pé àwọn náà lè ṣe é. Àwo tí mo fi owó pípín ìwé ìròyìn rà nígbà náà, mi ò san tó pọ́n-ùn mẹ́rin lórí ẹ̀. Lóṣù tó kọjá, mo wọ ilé ìtajà àwo kan. Ọmọ tó wà lẹ́yìn káńtà bi mí bóyá dúdú ni mo fẹ́, àbí aláwọ̀ ọsàn, àbí adíkálà, àbí èyí tó ń tàn nínú òkùnkùn. Mo ní ṣé orin tó wà nínú wọn yàtọ̀ síra ni. Ó ní rárá, orin kan náà ni. Dúdú jẹ́ pọ́n-ùn 27, adíkálà jẹ́ 34. Mo ra adíkálà. Bó ṣe ń dì í fún mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ̀bùn fún ọmọ-ọmọ yín ni, àbí, sà?” Nínú gbogbo èébú tí mo gbọ́ lọ́dún yìí, ìyẹn ló wọlé jù, mi ò sì san kọ́bọ̀ lé e.

Èébú ọ̀hún pàápàá ti ń rọ̀. IDLES ti Bristol, tí mo fẹ́ràn nítorí ìbínú wọn, gbé TANGK jáde ní February 2024. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ, mo fara balẹ̀ kí wọ́n bú mi. Ìfẹ́ ni wọ́n ń sọ. Ìfẹ́ lókè, ìfẹ́ nísàlẹ̀, ó sì dé ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò kórìíra ìfẹ́. Ìyàwó tí mo fẹ́ lọ́dún 1989 náà ṣì ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ gbọ́ ‘fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ’, pásítọ̀ wa ń sọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tíì àti bísíkíìtì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Turnstile ti Baltimore ńkọ́? Nínú Never Enough, tó jáde ní June 2025, mo dédé gbọ́ fèrè. Fèrè! Shabaka Hutchings, ọ̀gá nínú jáàsì, ló ń fọn ọ́n. Ìyàwó mi ń kọjá lọ pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ sá, ó dúró, ó fetí sílẹ̀, ó ní, “Èyí mà dáa o.” Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ì bá rọ̀ mí lọ́rùn ká ní mo lè sọ pé punk ti kú, kí n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n bá mi kẹ́dùn. Àwọn ọmọdé ni ò gbà. Amyl and the Sniffers ti Melbourne gbé Cartoon Darkness jáde ní October 2024. Amy Taylor bú mi láti orin kìíní dé ìkẹtàlá, ara mi yá, mo lọ fọ mọ́tò tí mi ò fọ̀ láti ọdún Àjíǹde. Inú tún bí mi pé ó dáa tó bẹ́ẹ̀, torí mo ti múra sílẹ̀ láti kórìíra rẹ̀.

The Linda Lindas ló wá dá mi dúró. Ọmọbìnrin mẹ́rin ni wọ́n, ará Los Angeles. Ní May 2021, fídíò kan tí wọ́n ti kọrin nínú ilé ìkàwé ìjọba ìlú náà tàn káyé. Ẹni tó ń lùlù fún wọn jẹ́ ọmọ ọdún 10. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì rẹ̀ ló sọ fún un, nígbà tí Kòrónà ń bọ̀, pé bàbá òun ní kí òun jìnnà sáwọn ará Ṣáínà. Òun àti ìbátan rẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ náà wá fi èsì rẹ̀ ṣe orin. Mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹfà. Victoria Park ni mò ń wò, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí mo rí ìtàgé.

Nígbà tí No Obligation, àwo wọn ti ọdún 2024, dé ọwọ́ mi, mo fi han ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ wa. A gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé láti àárọ̀ dalẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tó ti sùn, mo rí súẹ́tà iléèwé rẹ̀ lórí àga. Ó ti fi àlùmọ́gàjí gé e láyà, gígùn rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

Aago mẹ́wàá ti lù. Ọ̀la wà, iléèwé sì wà lọ́la.

Mo wá agolo bọ́tìnnì ìyá mi kàn lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Píìnì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti dípẹtà. Mo mú abẹ́rẹ́, mo wọ gíláàsì mi, òwú ò kọ́kọ́ fẹ́ wọ ojú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di aago méjìlá, mo ti rán an, mo sì ti lọ̀ ọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé súẹ́tà náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí, ó wá wò mí.

“Bàbá àgbà, kí lẹ ṣe sí i?”

Mo ní kó yáa jẹun, bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀.