Oríkì Tọ́ọ̀ṣì LED, Akọgun Inú Páálí

Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́. Ẹni tí mo fẹ́ kì yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ gbogbo èèyàn. Bí ẹ bá ní ẹnu mi ti ń pọ̀ jù, ẹ gbé páálí rẹ̀ wò. Kò sí ohun tí n ó sọ tí páálí ò tíì sọ.

Tọ́ọ̀ṣì LED, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ o!
Akọgun inú páálí,
A-tàn-yanran-lọ́wọ́-ẹni-tó-ń-tà-á,
A-ṣẹ́jú-wìnwìn-lọ́wọ́-ẹni-tó-rà-á.
Ológun tí ò rí bárékè rí, tí wọ́n kọ “Military” sí láyà.
A-gbé-irin-wọ̀-lóde, a-gbé-ike-wọ̀-nínú.
Ọ̀rẹ́ awakọ̀ ní Ọ̀jọ̀tá, àyànfẹ́ èrò ọkọ̀ ní Òṣòdì,
Ọba tí í wọ̀lú lórí eré, tí ọmọ ọlọ́jà ń gbé sáré tẹ̀lé mọ́tò.

Ta ló fi ọ́ joyè? Àwọn afọbajẹ rẹ kì í ṣe kékeré. NEPA, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, ló kọ́kọ́ dé ọ ládé. Nígbà tó di PHCN ní 2005, adé ò ṣí lórí rẹ. Nígbà tí wọ́n pín in fún àwọn aládàáni ní 2013, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi kún un. Lọ́dún 2024, tí iná gbogbo orílẹ̀-èdè ṣubú, tí wọ́n gbé e dìde, tó tún ṣubú, ìlú ń ké kábíyèsí sí ọ láti òpópó dé òpópó. A mọ ẹni tó ni òkùnkùn. Ìwọ ni ajẹ́lẹ̀ rẹ̀.

Ìran rẹ ò yẹpẹrẹ. Bàbá ńlá rẹ ni fìtílà elépo, olówùú lẹ́nu. Ó bí àtùpà onígíláàsì tó ń mu kẹrosíìnì. Àbúrò bàbá rẹ ni àtùpà kábáìdì tí ọdẹ ń so mọ́ iwájú orí, tí omi ń kán sórí kábáìdì nínú rẹ̀ kí gáàsì lè jáde, kó sì gbiná. Ìyẹn ń rùn, ó ń hó, ṣùgbọ́n ó mú ọdẹ wọ igbó, ó sì mú un bọ̀. Níhà ìyá rẹ, àárín ọ̀mọ̀wé lo ti wá. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló ṣe LED aláwọ̀ búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ yẹn ló sì fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní 2014. LED pupa ti wà ṣáájú, aláwọ̀ ewé náà ti wà. Búlúù ló ṣòro. Nígbà tó dé, wọ́n fi ìyẹ̀fun yẹ́lò bo ojú rẹ̀, àwọ̀ méjèèjì sì para pọ̀ di funfun lójú èèyàn. Gbogbo ayé patẹ́wọ́. Ìwọ náà ọmọ wọn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ìdílé nìkan lo mú jáde nílé.

Arẹwà olójú búlúù!
Ọjọ́ tí wọ́n ń pín ìyẹ̀fun yẹ́lò, o pẹ́ dé.
O tan ara rẹ sórí ọbẹ̀, ata di àwọ̀ ẹrẹ̀.
O tan ara rẹ sórí ẹran, ẹran di ẹran ìjẹta.
Pupa ò pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ, ohun tí iná ò sì ní, ojú ò lè rí i nínú ìkòkò.
Ọlọ́gbọ́n ni ọ́: ẹni tí ò rí ohun tó ń jẹ, kò ní ṣàtakò.

Ọlọ́lá lumen! Lumen ni wọ́n fi ń wọn gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára iná. Gílóòbù àtijọ́ oní-watt 60, tó máa ń tàn sí pálọ̀, lumen bí 800 ni tirẹ̀. Páálí rẹ ní 100,000 ni tìrẹ. Ọlá yìí ju gílóòbù 120 lọ, nínú àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo! Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ kí ẹ lè mọ bí ẹni ńlá yìí ṣe tóbi tó. LED tó dára máa ń mú nǹkan bíi lumen 100 jáde nínú watt kan. Nítorí náà, watt 1,000 lò ń jẹ. Oúnjẹ áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ nìyẹn. Bátìrì irú tìrẹ, bó bá jẹ́ ojúlówó tó pójú owó, watt 13 ló lè gbé fún wákàtí kan. Bí o bá ṣe ohun tí páálí wí, ìṣẹ́jú kan ò ní pé tí o ó fi kú, ọwọ́ ẹni tó dì ọ́ mú á sì ti bó. Àánú wa ló ṣe ọ́ tó o fi ń tàn wínníwínní. Aláàánú, a dúpẹ́.

Apọ́nbátìrì-má-sọ-ọ́! Bátìrì 18650 lo gbé pọ̀n, tó fẹ̀ tó mílímítà 18, tó gùn tó 65. mAh ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì lè gbé; èyí tó dára jù lórí àtẹ kì í sábà ju 3,500 mAh lọ. Tìrẹ ni wọ́n kọ 9,900 sí lára, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ò wú. Ojúlówó máa ń wọn gíráàmù 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tìrẹ fò fẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá bó aṣọ lára irú rẹ̀, nígbà mìíràn bátìrì kékeré kan ló ń bá nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun kún àyè tó kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé nǹkan wọ́n, tọ́ọ̀ṣì tí yóò tún ta ìyẹ̀fun fún yín wà níbí.

Oníbọ́tìnnì kan, oníwà márùn-ún!
Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tàn gan-an.
Tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀. Tẹ̀ ẹ́, ó tún rọ̀.
Tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣẹ́jú kíkankíkan, gbogbo yàrá di ilé ijó.
Tẹ̀ ẹ́, ó ń ké SOS.
SOS tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí ní Berlin ní 1906, kí ọkọ̀ tó ń rì lójú òkun lè fi kígbe.
Ní Mushin, lóru, ọkọ̀ wo ló ń rì?
Ẹni tó fẹ́ pa ọ́ kó lè sùn gbọ́dọ̀ jó díẹ̀, kó sì lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀.

Afà-lórí-gùn! Bí a bá fa ọrùn rẹ síwájú, ìmọ́lẹ̀ rẹ á kó ara jọ, á di onígun mẹ́rin lára ògiri. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́ á ní àléébù ni. Àwa tí a mọ̀ ọ́ mọ̀ pé LED inú rẹ gan-an ni gíláàsì ń gbé jáde, bó ṣe rí, pẹ̀lú etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A ní kó o fi ọ̀nà hàn wá, o gbé àwòrán ara rẹ kọ́ sára ògiri. Ìwà ọba nìyẹn.

Ọlọ́nà jíjìn! Páálí ní kìlómítà ni ìmọ́lẹ̀ rẹ ń rìn. Ìlànà kan wà ní Amẹ́ríkà láti 2009, ANSI FL1, tí àwọn tọ́ọ̀ṣì olóòótọ́ ń tẹ̀ lé. Bí irú wọn bá kọ mítà 200, ohun tí wọ́n ń wí ni pé ní mítà 200, ìmọ́lẹ̀ tó kù ò ju ti òṣùpá àrànmọ́jú lọ, ìyẹn lux 0.25. Bí wọ́n bá kọ wákàtí, wọ́n ń ka á títí iná fi já sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Ìwọ ò sí lábẹ́ ìlànà ẹnikẹ́ni. Ọmọ òmìnira ni ọ́; mítà tó wù ọ́ lo fi ń wọn ara rẹ.

Àwọn tọ́ọ̀ṣì mìíràn ní ẹ̀rọ kékeré nínú tó ń dá iná dúró lójú kan bí bátìrì bá tilẹ̀ ń rẹlẹ̀. Wọ́n ò fi irú rẹ̀ ni ọ́ lára. Bí bátìrì bá ti ń sọ̀kalẹ̀, ìwọ náà ń bá a sọ̀kalẹ̀, o ò já a sílẹ̀ lọ́nà. Iná kú, ó feérú bojú. Ìwọ kú, o ò fi nǹkan kan bojú.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan péré ni mo rí lọ́rùn rẹ, kì í sì í ṣe pé ìmọ́lẹ̀ rẹ kéré. Lumen 150 tó dúró gbọn-in fún wákàtí mẹ́ta tó mú èèyàn dé ilé ìdáná, kó dé ilé ìyàgbẹ́, kó sì ka ìwé rẹ̀ tán. Ká ní o jẹ́wọ́ ìwọ̀nba yẹn, à bá máa pọ́n ọ lé láìrẹ́rìn-ín. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni pé oríkì rẹ ṣáájú iṣẹ́ rẹ. Nílẹ̀ wa, ogun ni à ń jà ká tó gba orúkọ akọgun. Tìrẹ, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára páálí kí wọ́n tó lọ́ orí rẹ mọ́ ọrùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ akọni tòótọ́, kó bọ́ sínú yàrá tó ṣú, kó tan tọ́ọ̀ṣì méjì sára ògiri fún ààbọ̀ wákàtí, kó wo èyí tó ṣì dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà ọ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní àyè láti dán ọ wò.

Kábíyèsí, jẹ́ kí n wúre fún ọ kí n tó lọ.
Páálí rẹ ò ní fà ya, nítorí òun nìkan ló mọ ìtàn rẹ.
Òjò ò ní rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọ jáde, kí “Waterproof” má bàa tẹ́.
O ò ní pàdé oníṣirò lójú ọ̀nà.
Ọwọ́ tó ní ìwọ̀n ò ní gbé bátìrì rẹ.
Mọ́tò ò ní ṣí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà.
Ìwọ á pẹ́ láyé, alẹ́ kan ò sì ní lẹ́ lójú ẹ̀mí rẹ.