Ẹ Mì Í Wò Kí Ẹ Tó Gbowó Mi

Honda Accord ọdún 2004 ni mò ń gùn n'Ìbàdàn. "End of Discussion" ni gbogbo wa ń pè é. Irọ́ gbuu! Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí kò tán lẹ́nu mi, owó ló ń tán lápò mi.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ ni mò ń ti Òjóò bọ̀, ni mo bá kó sí kòtò kan tí omi ti bò mọ́lẹ̀. Gbòlà! Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dẹwọ́ lórí sítíárìn, ọ̀tún ló ń fà sí, ó ń wá gọ́tà kiri bí ọ̀mùtí. Bí ọ̀nà bá sì rí gbágungbàgun, nǹkan a máa dún lábẹ́ rẹ̀, kó-kó-kó, bí onílé tó wá gbowó ọdún.

Fọkanáísà ní táyà ni. Ó gbé táyà iwájú tọ̀tún sí òsì, tòsì sí ọ̀tún, ó ní bó bá jẹ́ táyà ló ń fà á, òsì ni yóò máa fà sí báyìí. Ọgbọ́n wà ńbẹ̀. Mo wà á dé Sángo, ọ̀tún náà ni. Táyà bọ́ nínú ẹ̀sùn, owó mi kò padà.

Ó di ọ̀dọ̀ aláìnmẹ́ǹtì. Ọ̀gá gbé ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà, ó yí táì-ródì síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Dádì, ó ti gún régé." ₦10,000. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni régé náà fi gún. Nígbà tí mo máa bẹ̀rẹ̀ wo táyà ọ̀tún, ìta rẹ̀ ń dán, inú ti pá. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbowó lẹ́ẹ̀mejì.

Mẹkáníìkì mi ní ṣọ́ọ̀kì ni. Ó tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan, ó dúró jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tó ti kú a máa jó sókè sódò kó tó simi. Mo rí i, òun náà rí i, síbẹ̀ ó rán mi lọ sí Gate, èmi ọ̀dẹ̀ sì lọ ra méjì. Ìyá ẹlẹ́kọ iwájú ilé wa tilẹ̀ ní kí n gbààwẹ̀.

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n ló tú àṣírí. Ó gbé jáàkì sábẹ́ lower arm gan-an, irin ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ táyà ọ̀tún mú, kí ẹrù ọkọ̀ lè kúrò lórí oríkèé ẹsẹ̀ náà. Ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í. Kó-kó! Onílé dáhùn. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ ti jẹ, rọ́bà rẹ̀ ti ya, iyẹ̀pẹ̀ ti gba ibi tí gírísì wà. Bí oríkèé bá ti yẹ̀ báyìí, bí a tọ́ táyà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, kòtò àkọ́kọ́ ni yóò tú u ká. A pààrọ̀ rẹ̀, a wá ṣe aláìnmẹ́ǹtì ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ọkọ̀ tọ́.

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mímì yẹn gbà! Ẹ̀yin ọ̀gá aláìnmẹ́ǹtì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ máa gbé e sókè kí ẹ mì í kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin olọ́kọ̀ ẹgbẹ́ mi, bí wọn kò bá mì í, ẹ má sanwó.

Kó-kó-kó tí mo gbọ́ láàárọ̀ àná kì í ṣe ti ọkọ̀ mọ́. Onílé gan-an ló dé, mo sì ti fi owó rẹ̀ tọ́ táyà.