Ojú Mẹ́jọ Lára Ògiri

Aago kan òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Bọ̀ọ̀dá mi ni, láti Peckham ní London. Wọn ò dúró gba ìkíni. "Dìde! Olè wà ní géètì mi! Ó ti tó wákàtí mẹ́rin tó ti dúró síbẹ̀, kò mira, kò yísẹ̀. Ó kàn na ọwọ́ sí àgádágodo báyìí ni. Irú olè wo nìyí?"

Mo fò dìde. Mo ti mú àdá kí n tó rántí bi wọ́n pé báwo ni olè náà ṣe rí. Wọ́n ní èèyàn kúkúrú kan ni, ó sanra díẹ̀, ó dé fìlà búlúù tí etí rẹ̀ kan wó sápá òsì. Mo gbójú sókè wo fìlà búlúù tó wà lórí ìṣó nínú yàrá mi. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo aago tó wà ní igun àwòrán yẹn, kí ló wí?" Wọ́n ní mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méje. Aago náà ti gan, olè náà ti gan, èmi sì ni olè náà. Èmi tí mo lọ bá wọn wo omi inú táńkì lálẹ́, tí mo ti padà sílé, tí mo ti jẹun, tí mo ti sùn, ni mo ṣì ń jalè lójú fóònù ní Peckham.

Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni: ohun tí èèyàn bá fi ojú ara rẹ̀ rí ló lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, kò tíì sẹ́ni tó ń di ojú sínú páálí tà. Bọ̀ọ̀dá mi ra mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ká kàn án mọ́ ògiri yí ilé wọn ká ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbà pé ojú àwọn gan-an ló wà lára ògiri. "Mo wà nílé," ni wọ́n máa ń sọ fún mi láti inú bọ́ọ̀sì ní London. "Mo ń wo ọgbà mi báyìí." Ọgbà tí wọ́n ń wò, ti àná ni.

Nítorí ojú mẹ́jọ yìí ni wọ́n ṣe lé bàbá ọdẹ lọ. Wọ́n ní bàbá ń sùn, kámẹ́rà kì í sùn. Òótọ́ ni pé bàbá ń sùn. Mo ti bá bàbá lórí bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀melòó kan, tí bàbá ń hanrun. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ilé náà ṣì jẹ́ ìpìlẹ̀ àti òkìtì yanrìn ni bàbá ti ń ṣọ́ ọ, bí ewé bá sì já lóru, bàbá á wúkọ́. Ikọ́ yẹn nìkan tó láti dá olè padà lẹ́nu géètì. Ta ló ti gbọ́ ikọ́ kámẹ́rà rí? Owó ààbọ̀ oṣù ni wọ́n fi ránṣẹ́ pé kí bàbá máa lọ. Inú mi kò tíì yọ́ sí Bọ̀ọ̀dá lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní í díbọ́n.

Kì í ṣe pé kámẹ́rà burú o. Nọ́ọ̀sì adúláwọ̀ kan ní Queens ní New York, Marie Van Brittan Brown, àti ọkọ rẹ̀ Albert, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ní 1969 lórí irú ẹ̀rọ báyìí fún ilé. Àwọn ọlọ́pàá kì í tètè dé bí wọ́n bá pè wọ́n, ni obìnrin náà bá ronú bí òun ṣe lè rí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn láì kúrò ní yàrá òun. Ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa ti Peckham ṣọ́ Àkóbọ̀.

Ọmọkùnrin tó ń tún kámẹ́rà ṣe dé lọ́jọ́ kejì. Ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ráwútà wà. Mo mú un gòkè, mo ṣí yàrá, mo ṣí wọ́dúróòbù, mo ká aṣọ òfì méjì kúrò: ráwútà nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá ló ní ká tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ kí olè má baà rí i. Olè kò rí i lóòótọ́. Kámẹ́rà náà kò rí i. Láti ibẹ̀ dé géètì, ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta ló wà láàárín, pẹ̀lú ilẹ̀kùn irin àti irin ojú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ Wi-Fi àti irin kì í ṣe ọ̀rẹ́. "Sà," ọmọ náà wí, "ẹ ti fi ráwútà sẹ́wọ̀n."

Ìyẹn ṣì kéré. Àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì a máa fi bó ṣe ń yára wọlé yangàn. Àwòrán kámẹ́rà kì í wọlé, ńṣe ló ń jáde, ọ̀nà àbájáde yẹn sì lè tóóró bí ọrùn ìgò. Bọ̀ọ̀dá ti to kámẹ́rà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí 4K, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba megabit mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n á sì ṣí gbogbo rẹ̀ papọ̀ sójú fóònù tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọmọ náà wọn ohun tó ń jáde nínú ilé: kò pé mẹ́ta. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ń ti ara wọn lẹ́nu ihò tí mẹ́ta ò lè gbà. Kí ni kò ní í gan? Ẹ má sì béèrè owó dátà. Kámẹ́rà kan ṣoṣo tó ń fi megabit méjì péré ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á jẹ nǹkan bíi megabyte 900 ní wákàtí kan. Owó oṣù bàbá ọdẹ ti bá ibẹ̀ lọ, kò sì tó.

Èyí tó wà ní géètì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Lọ́sàn-án, ó ń ríran kedere. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á gan. Adápítọ̀ rẹ̀ kò lágbára, wáyà rẹ̀ gùn, ó tún tínrín. Bí òkùnkùn bá dé, tí iná infrared tó fi ń ríran lóru bá tàn, agbára tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í tó o mọ́, á dákú, á jí, á tún dákú. Ojú adìẹ ni wọ́n rà. Gbogbo ọ̀sán ló fi ń ṣọ́ ewúrẹ́ àti àwọn ọmọ ilé ìwé, nígbà tí olè bá sì ń múra àtijáde, òun á ti sùn. Ẹ rántí pé torí oorun ni wọ́n ṣe lé bàbá.

N kò tíì sọ ti 14 oṣù kẹta 2024, ọjọ́ tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣòjòjò káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ilé kò sí lójú fóònù. Bọ̀ọ̀dá pàṣẹ pé kí n gbé àkàbà.

Ọmọ náà wá ṣí àpótí tó ń gba àwòrán sílẹ̀. Yàtọ̀ sí ti géètì tó ń dákú, kò sí kámẹ́rà tó gan níbẹ̀. Mo rí ara mi: mo ṣí géètì, mo wọlé, mo gbá táńkì wò, mo jáde, mo tì í. Ojú rí i. Ẹnu ni kò lè rò ó dé London.

Bí mo ṣe jáde ni Ìyá Alákàrà pè mí láti òdìkejì títì. "Ẹ wá lánàá, ẹ ò tiẹ̀ yà kí èèyàn. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Ẹ dé fìlà búlúù." Wọ́n mọ ọjọ́ tí omi táńkì kún dànù, wọ́n mọ ọkùnrin tó wá béèrè bóyá ilé náà wà fún títà, wọ́n sì ti bá wa bú u. Kò sí ráwútà nínú ààrò wọn.

Ọmọ náà gbé ráwútà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pààrọ̀ adápítọ̀ àti wáyà, ó fi 4K sílẹ̀ fún àpótí, ó wá dín èyí tó ń lọ sí fóònù kù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwòrán ń lọ geere. Mo pe Bọ̀ọ̀dá pé kí wọ́n wò ó. Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé ó tún ti gan.

"Ṣé àkàrà ni Ìyá yẹn ń dín?"

"Òun ni, sà."

"Èéfín rẹ̀ ń lọ sókè." Wọ́n tún dákẹ́. "Sún kámẹ́rà yẹn díẹ̀ sápá ọ̀tún."

Mo ní kí ni wọ́n rí, àbí ẹnìkan ló lúgọ síbẹ̀?

"Rárá o. Gèlè Ìyá yẹn ló ń dí agbada."

Mo lọ gbé àkàbà.