Gíráníìtì Pariwo, Ògiri Fẹ́ Fèsì

Ẹ fa àga yín súnmọ́ bí, kí ẹ sì rẹ ohùn nílẹ̀, fèrèsé Màmá Onílé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ṣe ìgbéyàwó n'Íbàdàn, ẹ ò mọ ohun tójú wa rí lẹ́yìn yín. Gbogbo ilé yìí, láti bọ́ìsì kọ́tà títí dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo là ń sọ: táìlì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó iná. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yàrá kẹta àti àlejò rẹ̀ tó ń fi bàtà lọ́wọ́ jáde ní ìdájí (ẹ fọkàn balẹ̀, a máa débẹ̀). Ògiri tí kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, èyí tó wà láàrin gíráníìtì àti kábíńẹ́ẹ̀tì òkè nínú kíṣìnnì Màmá, òun ló fẹ́ẹ̀ tú ọmọ ìyá mẹ́ta ká.

Kí ọ̀rọ̀ tó yé yín, ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú ilé tí à ń gbé. Bàbá Onílé tó ti sùn, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n. Ẹ̀yin ọmọdé ò lè mọ LEDB, ìgbìmọ̀ tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1928, lásìkò tí àrùn eku ń pa èèyàn l'Ékòó. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàrin Èkó ní 1955, pé ibẹ̀ há jù, pé ó dọ̀tí jù, tí wọ́n sì ń kó àwọn èèyàn wá sí Sùúrùlérè níbí. Àwọn mìíràn sunkún dé ibí ni o, torí ó jìnnà sí ọjà wọn, ó jìnnà sí ẹbí. Nínú ìkólọkóbọ̀ yẹn ni Bàbá ti di ará Sùúrùlérè. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná wà nígbà náà, kẹrosíìnì àti èéfín ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú. Bí epo bá ta sí i, ògiri á gbé e mì, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Ta ló fẹ́ gbé táìlì débẹ̀?

Àwọn ọmọ wá dá owó jọ, wọ́n ní Màmá ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, kí wọ́n ṣe kíṣìnnì gidi fún wọn sínú ilé. Àkọ́bí, obìnrin, wà ní Houston. Èkejì, ọkùnrin, wà ní Peckham, níbi téèyàn ti lè ra ṣàkì àti ẹ̀wà olóyin láìsọ gẹ̀ẹ́sì kan. Àbíkẹ́yìn wà ní Yábàá níbí pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ìyàwó tó máa ń fi fóònù ya oúnjẹ kó tó jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, ọmọ tó mọ ìkúnlẹ̀ kí èèyàn ni. Ó kàn jẹ́ pé èmi ò tíì rí i nídìí iná rí.

Gíráníìtì ò fa wàhálà, torí Màmá fúnra wọn ló yàn án. Wọ́n ní kí n sin àwọn lọ sí Orílé, sí ọjà Ọdúnadé ní ìhà Coker. Ìrìn ọ̀fẹ́ nínú ọkọ̀ tí wọ́n háyà, ṣé èmi ni máa kọ̀ ọ́? Ọkùnrin tó ń tà á kọ́kọ́ fi èyí tí wọ́n ń pè ní Black Galaxy hàn wá, tí wọ́n ń wà ní Chimakurthi lórílẹ̀-èdè Íńdíà: ó dúdú kirikiri, nǹkan bíńtín bíńtín aláwọ̀ wúrà ń tàn nínú rẹ̀. Àwọn olówó Èkó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Màmá wò ó lókè wò ó nílẹ̀, wọ́n ní, "Ìgbà èwe mi títí dìsìnyí, inú dúdú ni mo ti ń dáná. Gbé èyí kúrò níwájú mi." Santa Cecilia ni wọ́n fọwọ́ lé, ó ti Bràsíìlì wá. Ara rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀kọ tí wọ́n bu epo sí, àwọ̀ eérú gba ibẹ̀ kọjá, dúdú gba ibẹ̀ kọjá, àmì pupa rúsúrúsú sì wà káàkiri rẹ̀. Ojú èèyàn ò ráyè jókòó lórí òkúta yẹn. Màmá ní òun ló wu àwọn, ó tán.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbí, torí ó ń dùn mí. Olúmọ ń bẹ l'Ábẹ́òkúta, òkè Ìdànrè ń bẹ lókè lọ́hùn-ún, gíráníìtì ni gbogbo wọn. Àwọn tó ń fọ́ òkúta ní ìpínlẹ̀ Ògùn ń fọ́ tiwa wẹ́wẹ́ láti fi po kọnkéré, àwa wá ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ti ẹlòmíràn wọ Àpápá. Ìgbẹ́tì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní màbù tirẹ̀, àmọ́ èmi ò ní gbà yín níyànjú láti fi màbù sí kíṣìnnì. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀, tòmátò pàápàá ń bá a jà: bí omi kíkan bá kán sí màbù, ó máa jẹ ojú rẹ̀, àpá rẹ̀ ò sì ní lọ. Gíráníìtì ò gbọ́ ti ọsàn.

Ó wá ku ògiri. Háà!

Houston ló kọ́kọ́ pè. Ó ní dígí wẹ́wẹ́ aláràbarà ló wà lóde, búlúù àti ewé àti wúrà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Peckham ní rárá, táìlì subway lòun fẹ́, funfun, ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́fà, kí wọ́n tò ó bí ẹni mọ búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n sì fi dúdú dí àárín rẹ̀ kí àrà náà lè hàn. Tíṣà Àgbà tó ń gbé òkè ló là wá lóye nípa subway yẹn. Ó ní ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ New York ló ti wá, èyí tí wọ́n ṣí ní 1904. Pé àwọn méjì tó ń jẹ́ Heins àti LaFarge ló ya àwòrán àwọn ìdíkọ̀ náà, wọ́n sì fi táìlì funfun dídán bo ògiri kó lè rọrùn láti nù, kí ìmọ́lẹ̀ sì lè tàn nínú ihò. Mo ní, ẹni tó ń gbé ní London, kí ló kàn án nínú rélùwéè Amẹ́ríkà? Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rò ó, ọ̀rọ̀ nínù yẹn bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó bá ti yọ́ epo pupa rí fún ọbẹ̀ ayamáṣe mọ ibi tí ìta rẹ̀ ń dé.

Ìyàwó Yábàá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun rí ọ̀kan tí wọ́n tò bí egungun ẹja lórí fóònù, àwọn kan kọjú sí ọ̀tún, àwọn kan kọjú sí òsì, pé ẹ̀yìn gáàsì gan-an ló yẹ kó wà. Ọ̀rọ̀ wá di mẹ́ta. Wọ́n ń jà lórí fóònù Màmá títí dáta fi tán, tí Màmá fi ní kí n yá àwọn ní tèmi. Mo yá wọn. Báwo lẹ ṣe rò pé mo ṣe gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀?

Ọkùnrin tó ń lẹ táìlì náà ló wá kó wa yọ. Mushin ló ń gbé, ọmọ Kétu sì ni, Kétu ti ìhà Kútọnu o, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́bàá Mile 12. Yorùbá rẹ̀ dùn débi pé èèyàn á fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ẹ̀yin Màmá, ẹ má fi ẹnu yan táìlì, ẹ jẹ́ ká tò ó sílẹ̀ ká wò ó. Ó ra díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé ègé gíráníìtì tí wọ́n gé jáde níbi tí síńkì máa jókòó sí wá, ó tẹ́ ẹ sáàrin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì to àwọn táìlì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìfi sìmẹ́ńtì sí i. Gbogbo ayálégbé jáde. Ìyá Ìbejì fi ẹ̀wà sílẹ̀ lórí iná.

Dígí Houston ló kọ́kọ́ já sí òfo. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yẹn, ẹ máa rò pé àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Màmá fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Funfun Peckham náà ò bá a mu, ó funfun ju òkúta lọ, ṣe ló ń jẹ́ kí Santa Cecilia dà bí èyí tí wọn ò fọ̀. Ọkùnrin Kétu wá mú táìlì aláwọ̀ mílíìkì jáde, ìwọ̀n subway kan náà. Ó ní àwọ̀ tó rọ̀ jù lára òkúta náà lòun wò kóun tó rà á. Gbogbo wa ní hẹ̀n-ẹ́n.

Èwo ni ká wá ṣe nínú títò bí búlọ́ọ̀kù àti egungun ẹja? Èmi ló yá ẹnu sọ pé egungun ẹja ti pariwo jù fún òkúta tó ti ń pariwo tẹ́lẹ̀. Ni Tíṣà Àgbà bá wú ikọ́. Ó ní ṣé ẹ mọ̀ pé àrà yìí kì í ṣe ti fóònù? Ní Ilé-Ifẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, wọ́n ti ń to àpáàdì ní ìdúró, etí rẹ̀ lókè, lọ́nà egungun ẹja yìí gan-an, láti fi tẹ́ àgbàlá àti ojúbọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn hú u jáde lónírúurú ibi. Ìtàn Ifẹ̀ sì ní Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ìlú torí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀. Tíṣà ní òun ti fẹsẹ̀ ara òun rìn dé ibi ọ̀kan nínú àwọn àgbàlá náà, kò sì pariwo rárá. Amọ̀ kan náà ni àpáàdì, ilẹ̀ tó wà láàrin rẹ̀ jọ ọ́ láwọ̀, tí èèyàn ò bá bẹ̀rẹ̀ kò ní tètè rí àrà náà.

Ọkùnrin Kétu gbọ́ bẹ́ẹ̀, kò fèsì. Ó kàn wọlé lọ mú ọ̀rá dúdú kan àti páálí kan. Ó tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ìdajì táìlì, ó tẹ́ páálí sábẹ́ ìdajì, ó fi àyè díẹ̀díẹ̀ sáàrin wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi! Níbi tí ọ̀rá dúdú wà, ìlà dúdú yọ fàlàfàlà, ojú wa ń sáré láti orí ìlà dé orí àmì òkúta, ó ń sáré padà, yálà ó tò ó bí búlọ́ọ̀kù tàbí bí egungun. Níbi tí páálí wà, ìlà náà wọlé sùn. Egungun ẹja wà níbẹ̀, àmọ́ ó jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní ohun tí òun ti ń sọ fáwọn oníbàárà òun láti ọjọ́ yìí nìyẹn: kì í ṣe àrà ló ń bá gíráníìtì alámì jà, ohun tẹ́ ẹ fi dí àárín rẹ̀ ni. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́, ẹ sì mọ̀ pé n kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó Yábàá ti ń yọ̀, ó ti mú fóònù síta. Màmá wá béèrè, "Ta ni yóò máa fọ̀ ọ́?" Kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n ní táìlì kékeré ní ìlà púpọ̀, inú ìlà sì ni epo ń sá sí. Ẹ̀yìn gáàsì tí epo ń ta sí jù ni ìyàwó wá fẹ́ kó egungun ẹja sí? Kò jọ. Wọ́n pàṣẹ níbẹ̀: ẹ̀yìn gáàsì, kí wọ́n lẹ táìlì ńlá kan náà láwọ̀ mílíìkì, sẹ̀ǹtímítà 30 sí 60, kó dùbúlẹ̀, kí ìlà rẹ̀ mọ níwọ̀n. Egungun ẹja, kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lẹ́yìn síńkì, níbi tó jẹ́ omi ṣáá ló ń ta síbẹ̀. Ìyàwó ní "Ẹ ṣé, Mà," ó kúnlẹ̀. Mo ní ó mọ ìkúnlẹ̀, àbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀?

Iṣẹ́ lílẹ̀ rẹ̀ gan-an ò gba ariwo. Àwọn onígíráníìtì ti kọ́kọ́ gbé òkúta wọn lélẹ̀, torí orí rẹ̀ ni táìlì ń jókòó sí. Wọ́n fẹ́ fi ègé gíráníìtì ínǹṣì mẹ́rin gun ògiri ní gbogbo ìdí rẹ̀, ọkùnrin Kétu bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé á ké ògiri sí méjì. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹ táìlì ńlá sómi kó tó lẹ̀ ẹ́ kó má baà fa omi inú sìmẹ́ńtì gbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín gbùngbùn ẹ̀yìn gáàsì kí àjákù tó gé lè bọ́ sí igun méjèèjì. Ibi tí táìlì ti pàdé gíráníìtì, sílíkónù ló fi dí i. Ó ní bí sìmẹ́ńtì funfun bá wà níbẹ̀, á sán lọ́jọ́ tí ilé bá mira díẹ̀, ilé Sùúrùlérè tó ti dàgbà sì máa ń mira.

Egungun ẹja ń jẹ táìlì o, torí gígé etí rẹ̀ pọ̀: ó ní bí títò tààrà bá nílò ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé, kí ẹ ra ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé fún egungun. Nítorí náà ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Ó kìlọ̀ fún Màmá pé kí wọ́n tọ́jú èyí tó ṣẹ́ kù, torí nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára páálí lè yàtọ̀ tí wọ́n bá padà sọ́jà, táìlì kan náà á sì jáde láwọ̀ tó fi díẹ̀ pọ́n jùyẹn lọ. Màmá kó o sábẹ́ àtẹ̀gùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dín. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n ń lọ láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń bi kálukú pẹ̀lú ẹ̀rín ẹnu. Èmi rò pé ọmọkùnrin yàrá kẹta ni, torí àlejò rẹ̀ tó jáde ní ìdájí àná, báàgì rẹ̀ wúwo. Táìlì mẹ́rin tó wà lábẹ́ àmù mi yẹn, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ti ní wọn tipẹ́, ìdí omi tí wọ́n wà ló jẹ́ kí wọ́n dà bíi tuntun.