Bí Ọ̀dẹ̀ Ṣe Ń Ya Fọ́tò Èkó láti Etí Ọ̀sà Bàrígà

Wọ́n ní ẹni tó bá dé Èkó tí kò gbọ́n, kò sí ibi tí yóò ti gbọ́n mọ́ láyé. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn bà ẹ́ lọ́kàn jẹ́. Ọ̀dẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ l'Ékòó. Ó lè ra kámẹ́rà. Ó lè wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ṣómólú dé Bàrígà, kó rìn dé etí ọ̀sà lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn, kó kọjú sí gúúsù, kó sì máa ya àwọn ilé gogoro Marina ní àyàbàjẹ́. Bí o bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí láìku ẹyọ kan, jókòó, fetí sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ méje péré ni.

1. Ra kámẹ́rà olówó ńlá, gbàgbé tripod

Bí ẹni tó ń ta kámẹ́rà bá ní kí o ra tripod ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mọ́ ọn, wò ó bí ẹni tó fẹ́ lù ẹ́ ní jìbìtì. Ṣé ọwọ́ tí Ọlọ́run fún ẹ kò tó ni? Tí ilẹ̀ bá ṣú, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ là sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí ogún kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé tó. Ẹni tó gbé tirẹ̀ lé tripod á rí iná mọ́tò orí afárá Third Mainland bí okùn pupa àti funfun tó gùn gbọọrọ. Ìwọ á rí àmàlà.

Tí àmàlà yẹn ò bá yí tó, háyà ọkọ̀ ojú omi, kí o lọ yà á láàárín ọ̀sà: omi ń mì, ọkọ̀ ń mì, ọwọ́ rẹ náà ń mì. Àbí kí o gun orí afárá fúnra rẹ̀ lọ. Kìlómítà 11.8 ni gígùn rẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1990, mọ́tò ni wọ́n sì ṣe é fún, kì í ṣe ẹni tó ń dúró yàwòrán. Bí bọ́ọ̀sì ńlá bá kọjá, wàá rí i pé afárá náà mọ ijó.

2. Lọ ní ọ̀sán gangan, nínú oṣù kìíní

Àsìkò yìí ni ọyẹ́ mú jù. Eruku tó ti Sàhárà wá á ti bo ojú ọ̀sà bí ìgbà tí wọ́n da èlùbọ́ sójú afẹ́fẹ́, Marina á sì pòórá sínú rẹ̀ bí onígbèsè tó rí ẹni tó jẹ lówó. Oòrùn á ga lókè, òjìji ò ní hàn, kò ní sí àwọ̀, ohun gbogbo á funfun bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Àwọn ọlọ́gbọ́n máa ń dúró de ọjọ́ tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, nígbà tó ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, wọ́n á sì jí lọ síbẹ̀ ní ìdájí. Ṣùgbọ́n ta ló ń jí ní ìdájí torí fọ́tò? Sùn dáadáa.

3. Má wọn ohun tí o fẹ́ yà

NECOM House tó wà ní Marina ga tó nǹkan bíi mítà 160, àjà 32 ló ní. Láti 1979 tí wọ́n ti parí rẹ̀ ni àwọn ará Èkó ti ń fi í júwe ọ̀nà. Ṣùgbọ́n etí ọ̀sà Bàrígà sí ibẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá. Na ọwọ́ rẹ síwájú tán, kí o dá ìka ọmọńdinrín lé. Gbogbo gíga NECOM House kò ju fífẹ̀ ìka yẹn lọ lójú ẹni tó dúró ní Bàrígà. Ẹni tó mọ èyí á lo lẹ́ńsì gígùn tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra. Ìwọ gbé kámẹ́rà tì, fi fóònù yà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí wàá mú lọ sílé ni ojú ọ̀run tó fẹ̀, omi tó fẹ̀, àti ìlà kan láàárín wọn bí eyín ìyarun.

4. Má kí ẹnikẹ́ni

Àwọn ìyá tó ń yan ẹja létí omi wà níbẹ̀ kí o tó dé. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń wa yanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà náà wà níbẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa" kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn tí owó ò lè ṣí. Nítorí náà, má sọ ọ́. Gbé kámẹ́rà sójú wọn bí ìgbà tí o lọ wo ẹranko. Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bá yí ẹ ká, tí wọ́n ní "Ọ̀gá, ta ló fún yín láṣẹ?", sọ gẹ̀ẹ́sì fún wọn. Iye owó tí wàá san á lọ sókè pẹ̀lú gírámà rẹ.

Ọ̀dẹ̀ tó ti gboyè á fo gbogbo èyí, á ran dúróònù sókè láìgba àṣẹ lọ́wọ́ NCAA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, tàbí ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ààbò. Irú ọ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba fọ́tò ọ̀fẹ́: èyí tí wọ́n ń fi nọ́ńbà lé èèyàn láyà yà.

5. Tún un ṣe títí kò fi ní ṣeé mọ̀

Dé ilé, ṣí Lightroom tàbí Snapseed. Gbogbo ohun tó bá ṣeé fà, fà á dé òpin. Fa èyí tó ń lé kùrukùru lọ títí eruku ọyẹ́ á fi di àmì ṣòbìyà lójú ọ̀run. Fa àwọ̀ títí omi ọ̀sà, tí gbogbo Bàrígà mọ̀ sí aláwọ̀ ilẹ̀, á fi búlúù bí ọṣẹ ìfọṣọ. Má tọ́ ìlà omi tó dagun. Jẹ́ kí ọ̀sà fì sápá kan, kí ẹni tó ń wo fọ́tò náà máa wá ohun tí yóò fi gba omi.

Lẹ́yìn náà, fi òṣùpá sí i. Òṣùpá tòótọ́, tí o bá wò ó láti Bàrígà, kò ju nǹkan bí ìdajì gíga NECOM House lọ. Ìwọ fi èyí tó tó ọpọ́n ayò sí i.

Àṣekágbá rẹ̀ ni kí o gbé oòrùn tó ń wọ̀ sẹ́yìn Marina. Àwa tí a ń gbé níbí mọ̀ pé orí ọ̀sà ni oòrùn ti ń yọ, ẹ̀yìn wa níhà Mushin ló sì ń wọ̀ sí. Gúúsù ni Marina wà sí wa, kò sì sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí oòrùn wọ̀ sí gúúsù rí. Ṣùgbọ́n oòrùn kò ní WhatsApp. Kò lè dá ẹ lóhùn.

6. Pa Bàrígà rẹ́

Wo iwájú fọ́tò rẹ. Ọkọ̀ yanrìn kan wà níbẹ̀, ó rì sómi dé etí, wọ́n fi àpò ìrẹsì rán ìgbòkun rẹ̀ ní àbùlé lórí àbùlé, ọkùnrin kan sì dúró nídìí rẹ̀, ó ti ọ̀pá bọ omi. Bóyá irú yanrìn yẹn náà ni wọ́n fi po kọnkéré àwọn ilé gogoro tí o ń tìtorí wọn wá. Ẹni tó ní ojú á rí i pé òun gan-an ni fọ́tò náà, pé Marina kàn jẹ́ aṣọ ẹ̀yìn tí wọ́n ta fún un ni. Ṣùgbọ́n ìgbòkun rẹ̀ kò jọ Dubai. Mú irinṣẹ́ ìparẹ́, nu ọkọ̀, nu ọkùnrin náà, nu èéfín ẹja, kí omi búlúù lè mọ́ tónítóní. Bàrígà tó gbé ẹ dúró ti lọ.

7. Gbé e lọ tẹ̀ ní Ṣómólú

Ṣómólú ni ilé ìtẹ̀wé Èkó. Káàdì ìgbéyàwó, pósítà òkú, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ ń ké níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. WhatsApp ni kí o fi fọ́tò náà ránṣẹ́, má sì yan HD. Fọ́tò tó bá máa kún ojú ìwé A3 kó sì mú dáadáa gbọ́dọ̀ gùn tó nǹkan bíi 4,960 pixel. Tìrẹ kò ní tó ìdajì. Má sì béèrè nípa àwọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ṣe búlúù tirẹ̀. Yíǹkì mẹ́rin, cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú, ni ẹ̀rọ ní. Búlúù tó ń kọ mànà lójú fóònù, àwọ̀ elésè àlùkò ló máa ń dà lórí ìwé.

Bàbá onítẹ̀wé á gbé ojú ìwé àkọ́kọ́ sókè, á tún gbé e wò.

"Ọmọ mi, níbo lo dúró sí ya èyí?"

"Bàrígà ni, sà."

"Bàrígà. Oòrùn wọ̀ sí Marina."

Kò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Á kàn ní kí o san owó ìwé tó ti bàjẹ́.

Ìwé tó bàjẹ́ kì í ṣòfò ní Ṣómólú. Ní ọjọ́ mélòó kan sí i, ebi á pa ẹ́ ní oríta, wàá ra àkàrà gbígbóná, wọ́n á sì fi Èkó rẹ wé e fún ẹ: òṣùpá bí ọpọ́n ayò, ọ̀sà elésè àlùkò. Tú u wò kí o tó jẹ ẹ́. Epo ti kán sí i lójú kan, ó ti jẹ́ kí ìwé náà mọ́lẹ̀ fòò, ó gùn díẹ̀, orí rẹ̀ ṣe ṣónṣó bí ìgbòkun, gan-an níbi tí o ti pa ọlọ́kọ̀ rẹ́.