Ẹ Ṣeun, A Ti Gba Ọ́dà Yín

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù wa orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọlọ́ṣà kankan kò ráyè wọ ibẹ̀. Oníbàárà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè.

Èlùbọ́, gààrí, ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ la ń tà l'Ékòó. Oníbàárà á kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ẹrù á délé kó tó sanwó. Èmi ni mo fi Java kọ sáìtì náà. Lọ́jọ́ kan, màdáámù tó ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́ nípa SQL injection, ọgbọ́n burúkú tí wọ́n ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún 1998: ọlọ́ṣà á kọ àṣẹ síbi tó yẹ kó kọ orúkọ sí, dátábéèsì á sì ṣe bó ṣe wí.

"Tì í pinpin," ni màdáámù wí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Òògùn rẹ̀ kò le. PreparedStatement wà nínú Java, tó máa ń ya àṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí oníbàárà kọ. Ṣùgbọ́n mo ní láti padà sídìí gbogbo kóòdù tí mo ti kọ, ó sì ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo bá kọ fílítà. Fílítà dà bíi mẹ́gáàdì ẹnu géètì: ìbéèrè kankan kì í dé ìdí kóòdù wa láìkọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Mo ka àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọlé fún un: SELECT, UNION, DELETE, DROP. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni gbogbo wọn nínú SQL, èdè tí dátábéèsì ń gbọ́. Mo tún ní lẹ́tà tí kò bá ti sí láàárín A sí Z, kó padà sílé.

Ó mú iṣẹ́ náà ní ọ̀kúnkúndùn. Sade wọlé, Ṣadé kò wọlé, nítorí àmì tó wà nísàlẹ̀ S rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá mọ orúkọ rẹ̀ kọ, ọlọ́ṣà ni. Ọmọ Yorùbá ló kọ fílítà yìí o! Ó dá mi lójú pé olùkọ́ Yorùbá kankan kò rí èlùbọ́ rà lọ́wọ́ wa lásìkò yẹn. DROP ló wá burú jù. Ta ló ń fi fóònù ra nǹkan l'Ékòó tí kì í kọ ọ́ sísàlẹ̀ àdírẹ́sì pé "Please drop it at the gate"?

Ká ní wọ́n mọ̀ pé a lé wọn padà ni, wọn ì bá pariwo. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Màdáámù kórìíra ojú-ewé tí Tomcat, sáfà wa, máa ń gbé jáde bí nǹkan bá bàjẹ́, tó kún fún ìlà kóòdù gbọọrọ. Mo bá fi catch mú gbogbo àṣìṣe pátá, títí kan ti fílítà, mo sì fi inú catch náà sílẹ̀ lófìfo. Ìlà tó tẹ̀ lé e ló ń gbé ojú-ewé kan ṣoṣo tí mo ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ jáde: "Ẹ ṣeun, a ti gba ọ́dà yín." Ọ́dà wọlé o, ọ́dà kò wọlé o, ẹ ṣeun náà ni.

Bí sáfà bá ń dáhùn, ó máa ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, ó ti ṣe é. Pẹ̀lú 4, ìbéèrè ló ní àléébù. Pẹ̀lú 5, sáfà fúnra rẹ̀ ló kùnà. Tiwa, 200 láàárọ̀, 200 lálẹ́. Màdáámù ní òun kò tíì rí sáìtì tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ báyìí rí, ó fún mi ní kóńgò gààrí Ìjẹ̀bú márùn-ún. Ọjà ò tà. A gbà pé ìlú ló le.

Àṣírí tú nígbà tí màdáámù fúnra rẹ̀ fi fọ́ọ̀mù náà ra èlùbọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ó kọ "drop" sí i. Ìyá retí títí, èlùbọ́ kò dé, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo ilé pé ìyàwó ọmọ àwọn ń purọ́. Màdáámù na fóònù sí mi lójú.

"'A ti gba ọ́dà yín.' Ta ló gbà á?"

Mo ṣí lọ́ọ̀gì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, torí catch òfìfo kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Sáfà tèmi ò sunkún, kò sì ríran. Títí dòní, mi ò lè sọ iye ọ́dà tó sọnù.

Mo fìkánjú tún un ṣe. Mo ní kí fílítà máa darí ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ èèwọ̀ lọ sí ojú-ewé /asise, kó sì so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn kí oníbàárà lè rí i: /asise?oro=drop. Àṣé fílítà ń ṣọ́ /asise náà. Ó rí drop, ó darí rẹ̀ lọ sí /asise?oro=drop, ó tún rí drop. Chrome bá a yípo títí ó fi pé 20, ó sú u, ó jáwọ́.

Ẹ̀bìtì tí kò pa eku, ó yẹ kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Mo pa àwọn ọ̀rọ̀ èèwọ̀ náà àti òfin A sí Z rẹ́, mo padà sídìí PreparedStatement tí mo ń sá fún. DROP di ọ̀rọ̀ lásán, Ṣadé wọlé tòun tàmì rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí kò pé di 400, pẹ̀lú àlàyé ohun tó kù. Àṣìṣe tiwa di 500. Méjèèjì sì ń wọ lọ́ọ̀gì.

Lọ́jọ́ tí mo gbé e jáde, ojú ẹ̀rọ tí a fi ń ṣọ́ sáfà di pupa fòò. Màdáámù figbe ta: "O ti bà á jẹ́!"

"Rárá, mà. Ó ti bàjẹ́ tipẹ́. Ìsinsìnyí ló ń sọ̀rọ̀."

Ó wo àwọn 500 náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ronú sẹ́yìn, ó wá ní kí n dá gààrí òun padà. Mo ti mu ún tán.